Bí àwọn káńsù Ìkòròdú ṣe lè ṣètò àyíká tí yóò tọ́jọ́

Alága káńsù, káńsẹ́lọ̀ àti àwọn wolé-wolé ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àmọ́ ó wúlò fún àwọn ará CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) náà tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ní ìpàdé. Ìkòròdú ní ọ̀sà ní gúúsù, ó ní odò Májídùn ní ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti apá òkè wá sí etí omi. Nítorí náà, ibi tí omi ń gbà ni kí ètò àyíká wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, orí omi yìí ni gbogbo wọn máa ń já sí. Káńsù tó bá fi igi gbígbìn àti fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń parí ẹ̀ síbẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín

Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, odò ẹran, gáréèjì, ilé ìyàgbẹ́ ìta gbangba, itẹ́ òkú, títì àdúgbò, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí dànù. Iṣẹ́ àyíká ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá ń sọ pé káńsù ò lágbára kankan, kò tíì ka ibẹ̀ ni.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí ọwọ́ káńsù ò tó. Ẹ mú ìwé fífẹ̀ kan, ẹ fa ìlà sí i kó di ọ̀nà mẹ́ta.

Ní ọ̀nà kìíní, ẹ kọ ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: gọ́tà àdúgbò, ìmọ́tótó ọjà, odò ẹran, ilé ìyàgbẹ́.

Ní ọ̀nà kejì, ẹ kọ ohun tí ẹlòmíì ní láṣẹ lé lórí, tí ẹ̀yin á sì máa lé wọn títí wọ́n á fi ṣe é. LAWMA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìdọ̀tí, ló ń darí àwọn PSP, ìyẹn àwọn aládàáni tó ń kó ìdọ̀tí láti ojúlé dé ojúlé. LASEPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, ló ń yẹ omi ìdọ̀tí àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀dọ̀gùnyàn wò. Ní ti odò, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí ọ̀nà omi inú ilẹ̀, nítorí náà NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, lẹ máa kọ̀wé sí bí àwọn tó ń wa yanrìn bá ń jẹ etí odò wọlé. Ẹ kọ orúkọ ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì yan òṣìṣẹ́ káńsù kan tí yóò máa lọ síbẹ̀ lóṣooṣù. Lẹ́tà nìkan kì í ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà kẹta ni ti ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè dá dúró, tí a kàn ní láti múra dè: òjò, àti omi tó ń ti apá Abẹ́òkúta bọ̀. Màá padà sórí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó pọ̀

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá LCDA (káńsù ìdàgbàsókè) 37 sílẹ̀ ní ọdún 2003, Ìkòròdú kan di mẹ́fà: Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Báyéku, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ́tà. Gọ́tà tí North bá là, àdúgbò ẹlòmíì ló máa da omi rẹ̀ sí. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò bá mọ̀ pé ẹni òkè ń bọ̀, wàhálà ni wọ́n kàn gbé láti ilé kan lọ sí ìkejì.

Ìdí mìíràn tún wà. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 péré ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè kọ sílẹ̀ fún Èkó, Ìkòròdú sì ni ó wà níbẹ̀, àwọn LCDA ò sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sí ọwọ́ wọn tààrà, àwọn tó wà nínú ìwé òfin ni ìdájọ́ náà ń bá wí. Kò sí bí a ṣe máa pín in tí àjọsọ ò ní wọ̀ ọ́.

Ẹ má pe alága mẹ́fà jókòó lóṣooṣù, wọn ò ní wá. Ẹ jẹ́ kí káńsù kọ̀ọ̀kan rán ẹnjiníà rẹ̀ àti ọ̀gá wolé-wolé. Ẹ wá fi àwọn tí omi àti ìdọ̀tí kàn gan-an kún wọn: ìyálọ́jà, olórí àwọn apẹja, aṣojú àwọn àgbẹ̀ Ìmọ́tà, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn awayanrìn, àwọn alága CDA, àti ẹnì kan nínú àwọn tó ń ṣa ike lójú títì. Ní Májídùn, ẹ má gbàgbé àwọn Ìlàjẹ. Wọ́n ti pẹ́ lórí omi yẹn, bí ẹ bá sì fẹ́ kó wọn kúrò láìjẹ́ pé wọ́n wà ní ìjókòó, ètò yín ti di ìjà.

Ètò àpapọ̀ yìí kì í ṣe àṣà tuntun. Láti ìgbà àpérò Rio ní ọdún 1992 ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ti ní kí ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri ayé jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú wọn kọ irú ètò yìí, wọ́n sì dá ọdún 1996 fún púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó jẹ́ tiwa pẹ́ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tẹ̀ lé omi

Níbí ni kí ẹ ti náwó, kí ẹ sì lo àkókò. Máàpù inú ọ́fíìsì ò lè sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ dúró de òjò ńlá kan ní oṣù kẹfà, ẹ wọ bàtà rọ́bà, kí ẹ sì tẹ̀ lé omi náà bó ṣe ń lọ, láti òkè títí ó fi dé odò tàbí ọ̀sà. Ẹ pín ara yín: àwọn kan á gba apá Ọ̀dọ̀gùnyàn àti Ìṣáwo, àwọn kan á gba Sábó lọ sí Ìpakòdò, àwọn kan á gba Ìgbógbó lọ sí Báyéku. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fóònù tó lè fi àmì sí máàpù, ọ̀dà funfun, àti àgbàlagbà kan tó mọ àdúgbò náà kó tó di ilé.

Ní gbogbo ibi tí omi bá dúró, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: níbo ló ń gbà tẹ́lẹ̀? Kí ló dí i? Ibo ló ga dé nígbà tó burú jù? Ẹ fi ọ̀dà sàmì gíga rẹ̀ sára ògiri tàbí òpó iná, kí ẹ kọ ọdún rẹ̀ sí i. Ẹ bá àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì sọ̀rọ̀, wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa ń gbé àtẹ sá sí ju ẹnjiníà lọ.

Ẹ kíyè sí i pé ìkún omi méjì ló ń bá wa fínra, wọn ò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni ti òjò tó rọ̀ lórí wa, èyí tó máa ń le ní oṣù kẹfà àti ìkeje. Ó ń dé lójijì, ó sì lè fà kó tó di ọjọ́ kejì bí gọ́tà bá là dáadáa. Ìkejì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Odò Ògùn ló ń gbé e wá, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tí dáàmù Ọ̀yán bá ń tú omi sílẹ̀. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù yìí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó agbami odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ń darí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí omi yìí bá dé Àjẹ́gúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, oòrùn lè máa ràn ganrínganrín. Omi á kàn máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọ yàrá.

Gọ́tà tí ẹ bá là ò lè ṣe nǹkan kan fún ìkún omi kejì yìí. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ owó ló ti bọ́ sínú gọ́tà ní ibi tó jẹ́ pé odò fúnra rẹ̀ ló gòkè. Ohun tí ìkún omi odò ń fẹ́ ni ìkìlọ̀ tó yá, ibi tí àwọn èèyàn lè kó lọ, àti kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé tuntun sí ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀sà náà tún ní ọ̀ràn tirẹ̀: bí omi rẹ̀ bá ga, gọ́tà tó dà sínú rẹ̀ á máa ti omi padà sẹ́yìn. Nítorí náà, ní gbogbo àmì tí ẹ bá ṣe lórí máàpù, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: òjò, odò, tàbí ọ̀sà. Ìwòsàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀.

Bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ kọ gbogbo irà sílẹ̀: èyí tó ṣì wà bó ṣe wà, èyí tí wọ́n ti ń da yanrìn sí, èyí tó ti di ilé. Irà tó ṣẹ́kù ń gba omi tí káńsù ò ní lówó láti kọ́ gọ́tà fún láéláé, inú rẹ̀ ni ẹja sì ti ń yé ẹyin, pàápàá lábẹ́ igi ẹ̀gbà tó wà ní etí omi. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ní ìdílé tó ni í, ìdílé náà sì ń fẹ́ owó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, káńsù kọ́. Ṣùgbọ́n káńsù lè sọ pé òun ò ní la títì dé orí irà tí wọ́n dí, òun ò sì ní fún àdúgbò náà lórúkọ. Ó lè fi pátákó síbẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ ohun tó ń rà. Ó sì lè bá ìdílé náà ṣàdéhùn pé kí wọ́n lo irà náà fún àdágún ẹja tàbí ẹ̀fọ́, kí káńsù máa dín owó kan kù fún wọn. Èmi fara mọ́ àdéhùn ju katakata lọ, nítorí pé ọ̀la ni katakata máa lọ, alẹ́ ọjọ́ náà ni tírélà yanrìn á padà dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wọn ìdọ̀tí kí ẹ tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀

Iye ìdọ̀tí tí àwọn káńsù máa ń kọ sílẹ̀, orí iye èèyàn ni wọ́n ti máa ń ṣírò rẹ̀, iye èèyàn náà sì máa ń ti inú ìkànìyàn ọdún 2006 wá. Ẹni tó bá ń fi ìyẹn ṣètò fún Ìkòròdú òde òní, ó dà bí ẹni tó fi òṣùwọ̀n tí wọ́n gbà lọ́jọ́ ìkómọjáde rán aṣọ fún ọmọ tó ti ń lọ sí yunifásítì.

Ẹ yan ibi mẹ́ta: ọjà kan, àdúgbò kan tí èèyàn pọ̀ sí, àti etí títì kan. Fún ọjọ́ méje gbáko, ẹ kó ìdọ̀tí wọn jọ lórí tapólì, ẹ ṣà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n: oúnjẹ àti ewé, ọ̀rá àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike, irin, èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ fún àwọn tó ń ṣà á ní ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì sanwó fún wọn. Nínú ọjà wa, oúnjẹ àti ewé ló sábà máa ń wúwo jù, bẹ́ẹ̀ oko ò jìnnà sí wa. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀fọ́ àti tòmátì tó bà jẹ́ tí wọ́n ń san owó mọ́tò láti gbé lọ sí ààtàn lè jẹrà di ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Ìmọ́tà, bí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀ láti inú ọjà. Ibi tí ètò náà ti máa ń bà jẹ́ ni pé ọ̀rá máa ń wọ inú rẹ̀, àgbẹ̀ á sì kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ nìkan, ẹ má tíì fi gbogbo ọjà ṣe é.

Ọ̀rá àti ike fúyẹ́, àmọ́ àwọn ló ń dí gọ́tà. Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní oṣù kìíní ọdún 2024, láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025 ni òfin náà sì ti kan ike àlòdanù mìíràn. Iṣẹ́ káńsù ni pé kí ó mú un wọ ọjà lọ́nà tí kò ní dà bí ìfìyàjẹni. Ẹ kọ́kọ́ bá ìyálọ́jà jókòó, ẹ wá ẹni tí yóò máa kó ewé mọ́ín-mọ́ín àti bébà wá ní owó tí ó bọ́gbọ́n mu, ẹ fún àwọn olóúnjẹ ní àkókò láti ta ohun tó kù lọ́wọ́ wọn tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wolé-wolé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àtẹ.

Àwọn tó ń ṣa ike àti àwọn oníkọ̀ndẹ́mù, ẹ má lé wọn. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ káńsù láìgba owó oṣù. Ẹ fún wọn ní káàdì, ẹ fún wọn ní ilẹ̀ olódi kan tí wọ́n ti lè ṣà á, kí ẹ sì ní kí wọ́n má dá iná sun ohunkóhun níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Kànga àti ṣọ́kàwé

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀, àmọ́ ó ń pa èèyàn: omi ìdọ̀tí ṣọ́kàwé (kòtò tí omi ilé ìyàgbẹ́ ń dà sí) lè wọ inú kànga tí à ń mu. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí kànga àti ṣọ́kàwé fi nǹkan bí mítà 30 jìnnà síra. Púlọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdú jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, ìyẹn mítà 18 àti mítà 36, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń kọ́lé sórí ìdajì rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ilé kọ̀ọ̀kan bá gbẹ́ kànga tirẹ̀, tó tún gbẹ́ ṣọ́kàwé tirẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá tí ti ẹnì kan ò fi ní sún mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Ní Báyéku àti Ìpakòdò tí omi ò jìn nílẹ̀, ó tún burú sí i. Ohun tí káńsù lè ṣe ni pé kí ó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù jíjìn kan fún àdúgbò, kí CDA máa ṣàkóso rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ omi rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀rùn.

Odò ẹran náà wà níbí: ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ò gbọdọ̀ dé gọ́tà. Ẹ gbẹ́ kòtò tí yóò gbà á, kí àwọn àgbẹ̀ máa wá kó o.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ mú díẹ̀, kí ẹ sì fi owó sí i

Lẹ́yìn gbogbo rírìn àti wíwọ̀n yìí, ẹ máa ní ìṣòro tó tó ọgọ́rùn-ún lórí ìwé. Ẹ mú márùn-ún sí méje fún ọdún àkọ́kọ́. Èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú ni èyí tí àwọn tó ń jìyà rẹ̀ pọ̀, tó wà ní ọ̀nà kìíní nínú ìwé yín, tí ẹ sì lè rí àyípadà rẹ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.

Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun mẹ́fà: kí ni, níbo, ta ló ni iṣẹ́ náà, èló, ìgbà wo, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣeé ṣe. “Ẹ̀ka iṣẹ́” kì í ṣe ìdáhùn sí “ta ni”. Ẹ kọ ipò òṣìṣẹ́ kan pàtó. “Ìmọ́tótó yóò gbèrú” náà kì í ṣe ìdáhùn sí “báwo”. Ẹ kọ pé omi ò ní ga kọjá àmì ọ̀dà ti ọdún yìí ní iwájú ọjà báyìí báyìí.

Oṣù kìíní ni ọdún ìnáwó káńsù ń bẹ̀rẹ̀. Bí ètò yín ò bá tíì délẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kò ní wọ ìwé ìnáwó, ó sì di ọdún méjì. Ẹ wò ó kí owó ìtọ́jú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́. Inú gbogbo káńsù dùn láti kọ́ gọ́tà tuntun, àmọ́ ẹ béèrè ní ìjókòó: ta ni yóò máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀, kí sì ni wọ́n máa fi san án? Gbogbo wa la mọ àṣà kíkó ẹrẹ̀ jáde kí wọ́n sì kó o jọ sí etí gọ́tà, tí òjò àkọ́kọ́ á tún gbá a wọlé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe pé ìdajì owó rẹ̀ dúró títí di ìgbà tí ẹrẹ̀ bá kúrò lẹ́bàá gọ́tà, kí alága CDA àdúgbò náà sì fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò.

Ní ti igi: ẹ gbìn ín, ọjọ́ 14 oṣù keje ni Èkó ń ṣe ọjọ́ igi gbígbìn. Ṣùgbọ́n kí owó ẹni tí yóò máa bomi rin ín fún ẹ̀rùn méjì wà nínú ìwé. Ẹ má gbìn ín sórí gọ́tà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kà á sí àwọn ará ìlú létí

Kí ìpàdé náà jẹ́ ní èdè Yorùbá, kó jẹ́ ní ọjọ́ tí CDA ti ń pàdé tẹ́lẹ̀, kó má jẹ́ agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ káńsù nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ẹ lẹ máàpù omi yín mọ́ ògiri, kí olúkúlùkù wá fi ìka tọ́ ilé rẹ̀. Wọ́n á bá yín wí ní àwọn ibi kan, ẹ ní bíírò lọ́wọ́, kí ẹ máa tún un ṣe lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni kí àwọn káńsẹ́lọ̀ sọ ọ́ di òfin káńsù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Kàlẹ́ńdà

Ẹ kọ eléyìí sára ògiri ọ́fíìsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, bí wọ́n bá ti ń gbé wọn jáde, ẹ gba àsọtẹ́lẹ̀ òjò ti NiMet (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí) àti ti ìkún omi láti ọ̀dọ̀ NIHSA (àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi), kí ẹ sì kọ̀wé sí àjọ agbami odò Ògùn àti Ọ̀ṣun pé kí wọ́n fún yín ní ètò títú omi Ọ̀yán ti ọdún náà. Oṣù kejì àti ìkẹta ni ti gọ́tà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹfà, ẹ tún rìn. Oṣù kẹjọ tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, ẹ tún kó gọ́tà, kí ẹ sì yẹ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn tí omi lé kúrò nílé yóò sùn wò: ṣé omi wà, ṣé ilé ìyàgbẹ́ ń ṣiṣẹ́? Láti oṣù kẹsàn-án, kí ẹnì kan máa pe àwọn tó wà lápá òkè odò Ògùn lójoojúmọ́, kí ìkìlọ̀ sì máa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti olórí àwọn apẹja kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù ẹni méjì sí i, nítorí ọjọ́ tí ti ẹnì kan ò bá lọ.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà káńsù àti ẹnu ọ̀nà ọjà: ohun tí a ní a máa ṣe, ohun tí a ti ṣe, iye tí a ná. Ọdún mẹ́rin ni alága káńsù ń lò ní Èkó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ètò yìí wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì alága nìkan. Kí ẹ̀dà máàpù àti òfin rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láàfin Ayangbùrẹn, lọ́wọ́ ìyálọ́jà, àti ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí àwọn olùkọ́ máa fi kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ka máàpù àdúgbò wọn.